Èéfín Nínú Iṣu Oko Ìsàlẹ̀

Bintou la iṣu náà sí méjì, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì jù ú sílẹ̀ kíákíá.

"Bàbá Chitou, ẹ dákun, ẹ wá gbọ́ òórùn nǹkan."

Lassissi ọkọ rẹ̀ fi iṣu tí ó ń tò sábẹ́ igi òrí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìlàjì kan. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni òun fúnra rẹ̀ wú iṣu yìí. Erùpẹ̀ dúdú Oko Ìsàlẹ̀ ṣì tutù lára rẹ̀. Síbẹ̀, òórùn èéfín ló ń jáde nínú iṣu funfun náà. Kì í ṣe èéfín oko tí wọ́n jó. Èéfín ilé ìdáná ni, irú èyí tí ó máa ń bá koríko òrùlé gbé títí koríko á fi dúdú.

Ó bù díẹ̀ sẹ́nu, ó tutọ́ rẹ̀ dànù.

"Gbogbo èyí tí mo là láti àná, bákan náà ni," ni Bintou wí. "Ó dà bí ẹni pé àwọn kan ti ń dáná lábẹ́ ilẹ̀."

Lassissi gbójú sókè, ó wo àárín oko rẹ̀. Ilé kan dá dúró níbẹ̀ láàárín ebè. Amọ̀ ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, koríko orí rẹ̀ sì tún jẹ́ tuntun.

"Rafiou," ni ó wí, bí ẹni tí ó fẹsẹ̀ tẹ ìgbẹ́.

Ọmọ àbúrò bàbá Lassissi ni Rafiou. Inú àgbàlá kan náà ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì ní Manigri, ìkòkò kan náà ni wọ́n sì jẹ dàgbà. Ṣùgbọ́n láti kékeré, bí wọ́n bá ní kí Rafiou kọ ebè, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ̀yìn náà á sàn. Báyìí ló ṣe dàgbà, báyìí ló ṣe gbéyàwó, kò sì sí ẹni tí ó rí i rí kí òógùn bọ́ lójú rẹ̀ bí kò ṣe nídìí ata.

Nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ lé àwọn ènìyàn kúrò ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ru ọmọ ru ẹrù wá sí Manigri, àwọn àgbà ìlú wá ẹni tí yóò máa nàka sí ibi tí àlejò yóò kọ́lé sí. Iṣẹ́ ìka nínà ni. Iṣẹ́ náà ṣe wẹ́kú Rafiou. Ó nàka síhìn-ín, wọ́n fún un ní adìẹ. Ó nàka sọ́hùn-ún, wọ́n fún un ní ewúrẹ́. Ikùn rẹ̀ yọ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ bí ìjòyè. Orí ilẹ̀ olókùúta tí ó wà lọ́nà Bassila ni àwọn àgbà ní kí ó kó wọn sí, nítorí ohunkóhun kì í hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Rafiou ti rí i pé ẹni tí wọ́n bá fún ní ilẹ̀ rírọ̀, ewúrẹ́ tí ó sanra ló máa ń mú wá. Ló bá kọjú sí Oko Ìsàlẹ̀, ó kọ́ ilé tirẹ̀ síbẹ̀ ná kí àwọn àlejò lè tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ tí ó dára jù ní gbogbo agbègbè náà nìyẹn. Etí odò ló wà. Bàbá bàbá Lassissi ló ṣán an nígbà tí ó ṣì jẹ́ igbó. Bí òjò bá kọ̀ tí iṣu gbogbo ènìyàn kú sílẹ̀, ti ibẹ̀ á ta. Ibẹ̀ ló ń bọ́ gbogbo àgbàlá wọn, títí kan Rafiou, ọ̀jẹun-má-ṣiṣẹ́. Bí ibẹ̀ bá lọ, orí òkúta ló kù fún Lassissi àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Manigri sì ní àṣà kan nígbà náà. Inú yàrá tí ènìyàn bá kú sí ni wọ́n máa ń sin ín sí. Ilé tí wọn kò tíì sin ẹnikẹ́ni sí, abà lásán ni lójú àwọn àgbà. Wọ́n lè ní kí wọ́n wó o nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n bí òkú kan ṣoṣo bá ti wọ ilẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ àti gbogbo àyíká rẹ̀ ti di ilé títí láé. Ọkọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ ebè níbẹ̀ mọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́lé tì í, kò sí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́.

Lassissi gbé ẹjọ́ lọ síwájú àwọn àgbà. Wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, wọ́n ní: "Ó di ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí ilé yẹn ṣì jẹ́ abà, a ó ní kí wọ́n wó o." Ohun tí Lassissi nílò kò ju kí ó jókòó kí ó sì dúró de òjò. Ìdúró yẹn gan-an ni kò lè dúró.

*

Ọyẹ́ mú. Eruku bo oòrùn, ọ̀sán wá dà bí ìrọ̀lẹ́. Lassissi wà lórí oko ní òun nìkan, ó ń gbá ewé gbígbẹ jọ, nígbà tí ó gbọ́ odó. Ẹnìkan ń gún nǹkan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹnikẹ́ni. Ìró náà tún wá, *gbì, gbì, gbì*, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì ti ń gbọ́ ọ.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi etí lélẹ̀. Odó ń lù nínú ilẹ̀. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọwọ́ kan ké, ẹnìkan sì ń rẹ̀ ẹ́. Odidi àdúgbò ń gbé lábẹ́ ebè rẹ̀, wọ́n ń dáná, wọ́n ń gúnyán, wọ́n ń retí kí ilẹ̀ là kí àwọn jáde sókè.

Ó dìde, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohun tí ó bí i nínú jù ni pé ara òun ń gbọ̀n nítorí Rafiou.

Ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ebè. Nínú èyí tí ó kọ́kọ́ tú, ó bá ìdì koríko òrùlé àtijọ́ kan, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, wọ́n fi òwú pupa so ó. Ó tú òmíràn, ó bá òmíràn. Orí oko, lẹ́bàá ilé Rafiou, ni ó ti hú ìkòkò kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ dí lẹ́nu. Nígbà tí ó fọ́ ọ, eérú gbígbóná ló dà jáde. Gbígbóná! Láti inú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáná sí rí.

"Alassane ni," ni Bintou wí nígbà tí ó délé sọ fún un. "Oníṣègùn Alédjo yẹn. Wọ́n rí i níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé àkùkọ lábẹ́ apá. Oògùn tó ń sọ oko di ilé ni wọ́n ní ó ń ṣe. Ẹ kó koríko yẹn lọ fi han àwọn àgbà, Bàbá Chitou. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

Lassissi pòṣé. "Kí n tún gbé ọ̀rọ̀ Rafiou lọ bá ènìyàn? Ta ni Rafiou? Ṣé ẹni tí kò lè kọ ebè kan parí ni màá máa sá kiri ìlú nítorí rẹ̀?"

"Òjò ò ní pẹ́ rọ̀."

"Iṣu mi ń rùn, o ní òjò ò ní pẹ́ rọ̀."

*

Ní Bassila, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Habibatou. Kì í gba àlejò púpọ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí Lassissi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀pà ló ń pa. Kò dá ẹ̀pà pípa dúró bí Lassissi ti ń rojọ́ fún un, ó kàn ń ju èèpo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Alassane fẹ́ sọ oko di ilé," ni ó wí nígbà tí Lassissi parí. "Èmi lè sọ ilé di oko. Ilé náà àti ẹni tí ń bẹ nínú rẹ̀."

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́."

"Kò ní ṣeé dá dúró tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ó má dúró."

Habibatou wá dá ẹ̀pà pípa dúró. Ó wò ó lójú. "Níbo lẹ fẹ́ kí ó parí sí fún un?"

Lassissi rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ ò mọ Rafiou. Ojo ni. Bí kantíkantí bá ta á lẹ́sẹ̀ báyìí, àgbàlá bàbá wa ni á sá lọ, á lọ bo orí mọ́ aṣọ. Á ti fi ilé yẹn sílẹ̀ kí oògùn tó gbóná."

"Mo ní, níbo lẹ fẹ́ kí ó parí sí?"

"Níbi tó bá wù ú kí ó parí sí! Ṣé mo tún máa wá yan ibùsùn fún Rafiou ni?"

Obìnrin náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbé orí iṣu kan jáde, ó ti fi òwú dúdú wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí ó gbìn ín sí ìdí ògiri ilé náà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Kò sọ nǹkan mìíràn. Ó padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Lassissi gbìn ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó dé. Láti ibi tí ó kúnlẹ̀ sí, ó ń gbọ́ bí Rafiou ṣe ń han-run nínú ilé. Kò tíì sí ìràwọ̀ lójú ọ̀run, ọkùnrin náà ti sùn. Lassissi fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ lé e, ó sì lọ sílé lọ jẹun.

*

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ líle, nígbà tí ewé gbogbo ti kú, ni ìtàkùn iṣu kan hù nínú yàrá Rafiou.

Djamilatou, ìyàwó Rafiou, ló kọ́kọ́ rí i. Ó fà á tu láàárọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti tún hù, ó ti gun ògiri dé òrùlé, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ yàrá tí wọ́n ti fi ìgbẹ́ màlúù pa dán wú sókè lábẹ́ ẹní tí wọ́n sùn lé. Wọ́n ká ẹní, wọ́n bá ebè. Ebè tí ó dára, tí wọ́n kọ bí ẹni tí ó mọṣẹ́ ṣe máa ń kọ ọ́. Rafiou fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó tún wú. Lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń gbọ́ tí ọkọ́ ń kan erùpẹ̀, *sàù, sàù*, láìsinmi.

Alassane tún ti Alédjo wá. Ó bu omi dúdú kan wọ́n yàrá, ó ní kí Rafiou mu ìyókù. Ó padà wá, ó fi eérú kọ nǹkan sí àyà rẹ̀, ó tún fún un ní òmíràn mu. Ní ìkẹyìn tí ó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ilẹ̀ yìí ò mọ̀ bóyá ilé lòun tàbí oko mọ́," ni ó wí. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àkùkọ tí ó ti gbà, kò dá a padà.

Gbogbo èyí ń dé etígbọ̀ọ́ Lassissi, adùn rẹ̀ sì pọ̀ fún un ju iyán lọ. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan, ó mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ilé náà kọjá. Rafiou jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ikùn ìjòyè ti lọ, ọrùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín. Ó wúkọ́, ó tutọ́ sílẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú ló tu jáde.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n."

"Rafiou! Mo gbọ́ pé o ti di àgbẹ̀," ni Lassissi wí. "O kú iṣẹ́ o. Bí oko inú ilé bá gbòòrò jù fún ọ, àgbàlá bàbá wa ṣì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé o ò ní pẹ́ sá wá."

Rafiou gbójú sókè. Ó ń wò ó, ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ó sì ń wò ó síbẹ̀ títí Lassissi fi rékọjá. Ẹ̀rín ló ń pa Lassissi dé odò.

*

Ọjọ́ tí ìkùukùu kọ́kọ́ ṣú ní ìhà ìlà oòrùn, Djamilatou sáré wọ àgbàlá wọn, gèlè rẹ̀ ti bọ́.

"Ọkọ mi," ni ó wí fún Lassissi, nítorí báyìí ni ìyàwó ilé ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ, "ẹ gbà mí. Kò lè jẹun mọ́. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ yàrá, ó ń ta gbòǹgbò. Mo ní kí á gbé e wá sílé, ó kọ̀."

Lassissi nà sórí ẹní, ó ń fi igi tayín. "Ó kọ̀ kẹ̀? Lọ bá mi sọ fún un pé wọ́n ti se oúnjẹ. Á sáré wá."

Bintou dá ata lílọ̀ dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ lórí ọmọ ọlọ síbẹ̀. "Djamilatou, ṣé o ní kò kúrò níbẹ̀?"

"Kò kúrò. Ó di òpó ilé mú. Ó ní òun ò lọ síbì kankan."

"Bàbá Chitou," ni Bintou wí jẹ́jẹ́, "bí ó bá kú síbẹ̀ ńkọ́?"

Igi eyín bọ́ lẹ́nu Lassissi.

Ojú Habibatou ló kọ́kọ́ rí, àti ẹ̀pà tí kò pa mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. *Níbo lẹ fẹ́ kí ó parí sí?* Ó fò dìde. Kò wọ bàtà, kò mú fìlà. Ó sáré bí kò ti sáré rí láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ń tẹ orí ebè ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbàdúrà fún ẹ̀mí ọkùnrin tí ó tẹ́ńbẹ́lú jù láyé.

*

Yàrá náà tutù, ó ń rùn bí erùpẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ìtàkùn iṣu ti bo àjà. Rafiou jókòó sáàárín ebè, apá rẹ̀ méjèèjì wé mọ́ òpó àárín ilé.

"Àbúrò mi," ni Lassissi wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Dìde. Jẹ́ ká lọ sílé."

"Ilé rèé, Ẹ̀gbọ́n."

"Máa bọ̀, mo bẹ̀ ọ́. Màá gbé ọ pọ̀n. Tí a bá dé ọ̀hún, màá lọ sí Bassila, màá ní kí wọ́n tú u. Ohun tí o bá fẹ́ ni wàá gbà. Wàá jẹ iṣu mi títí wàá fi kú."

"Mo ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀," ni Rafiou wí.

Lassissi fi ọwọ́ gba ìgbáròkó rẹ̀, ó fà á. Ọkùnrin tí kò ju egungun lọ mọ́, ó wúwo ju kùkùté lọ. Ó tún fà á, nǹkan kan já lábẹ́ ilẹ̀ bí okùn, Rafiou kígbe, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò kúrò lára òpó. Lassissi ń ya ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti ya èyí, èyí a tún padà dì mọ́ igi. Òógùn bo àwọn méjèèjì. Ìta ti kún fún ènìyàn, àwọn àlejò tí ogun lé wá, wọ́n ń wò wọ́n.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi lẹ fi ń sọ pé mo máa ń sá," ni Rafiou wí. Erùpẹ̀ ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. "Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo sá?"

"Rafiou, jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ ni kí o rò. Kí ni wọ́n máa jẹ?"

"Ẹ nàka sí ibì kan fún wọn," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò tíì parí lójú rẹ̀ nígbà tí Lassissi rí i pé kò mí mọ́. Ó ṣì tún fà á, ó fà á títí àwọn ọkùnrin fi wọlé wá mú un lápá. Ọwọ́ Rafiou wá tú fúnra rẹ̀ lára òpó, ṣùgbọ́n kò wúlò mọ́. Gbogbo ènìyàn ti rí ibi tí ó kú sí.

*

Àgbà ilé ló máa ń kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ fún òkú, lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ yóò gbẹ́ ìyókù. Lassissi ni àgbà ilé wọn. Wọ́n ránṣẹ́ lọ mú ọkọ́ rẹ̀ wá láti abẹ́ igi òrí, ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ìtàkùn iṣu ti rọ lára ògiri, ebè ti tẹ́jú, ilẹ̀ yàrá dúró jẹ́jẹ́ bí ilẹ̀ yàrá gbogbo.

Àwọn àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sí èyí tí ó wo ojú rẹ̀ nínú wọn. Níta, àwọn àlejò ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ògiri wọn yóò gbà kọjá.

Ó gbé ọkọ́ sókè, ó kàn án mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀ gba ọkọ́, ó dúdú, ó lọ́ràá. Ó kórìíra ara rẹ̀ tọkàntọkàn, ju bí ó ti kórìíra Rafiou lọ rí. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣu kékeré kan yí jáde lẹ́nu ọkọ́, èèpo rẹ̀ bó níbi tí ọkọ́ ti bà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbé e sí imú. Kò sí òórùn èéfín lára rẹ̀ rárá. Òórùn iṣu lásán ni.

Ìgbà yẹn ni òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan koríko òrùlé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ́ tí ó bá ti la ilẹ̀ fún òkú, kò gbọ́dọ̀ dé oko mọ́. Wọ́n fi ọkọ́ Lassissi gbẹ́ sàréè náà parí, wọ́n nù ún, wọ́n sì gbé e há àjà ilé Rafiou.